Pat Thomas àti ọnà ìkọrin háíláìfù Kumasi

Pat Thomas, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Nana Kwabena Amo Mensah, jẹ́ akọrin háíláìfù ọmọ orílẹ̀-èdè Gánà. Ọdún 1946 ni a bí i ní Agona, ní agbègbè Àṣáńtì tí Kumasi jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Kwabena ni orúkọ tí àwọn Akan máa ń fún ọmọkùnrin tí a bá bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn olólùfẹ́ orin sọ ọ́ ní Ohùn Wúrà Áfíríkà, ìnagijẹ náà sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀bùn àmútọ̀runwá ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ohùn rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ àwọn àwo tí ó ṣe láti ọdún 1974 títí dé 2019, yóò rí i pé ẹ̀kọ́ kan wà nídìí adùn náà. Akọrin yìí mọ àyè ara rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ó ń kọrin bí ẹni tí ń fun fèrè kan láàárín ọ̀pọ̀ fèrè. Inú àwọn ẹgbẹ́ ijó ńlá tí ó ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ jáàsì ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ náà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn tú ká.

Kumasi àti gbòǹgbò orin rẹ̀

Orúkọ Kumasi ti wọ inú ìtàn háíláìfù kí a tó bí Pat Thomas. Ní ọdún 1928, ẹgbẹ́ olórin mẹ́ta kan tí ń jẹ́ Kumasi Trio, tí Jacob Sam jẹ́ olórí rẹ̀, gbé orin wọn sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Yaa Amponsah wà lára àwọn orin náà. Ọnà tí a gbà ta jìtá nínú rẹ̀ di ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ onijìtá ní Gánà, a sì ń gbọ́ ipa rẹ̀ nínú háíláìfù títí di òní.

Ẹ̀ka méjì ni orin náà pín sí lẹ́yìn náà. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn ẹgbẹ́ jìtá. Inú orin ìdí ẹmu ni ìyẹn ti dìde, èdè Akan ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìtàn, òwe àti ẹ̀dùn ọkàn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ni ti àwọn ẹgbẹ́ ijó ńlá, àwọn tí ń fun fèrè onídẹ tí wọ́n sì ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn bíi Hotel de Kingsway ní Kumasi. E. T. Mensah àti ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀ka kejì yìí. Wọ́n dé Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn olórin Èkó bíi Bobby Benson àti Victor Olaiya sì mú ọnà wọn lò. Nígbà tí Louis Armstrong, afunfèrè jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, bẹ Accra wò ní ọdún 1956, òun àti E. T. Mensah jọ ṣeré. Èyí fi hàn pé jáàsì kò jìnnà sí háíláìfù rárá ní àkókò tí Pat Thomas wà ní ọmọdé.

Ilé olórin ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní ìmọ̀ orin, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́ olórin. King Onyina, gbajúmọ̀ onijìtá, jẹ́ ìbátan rẹ̀ àgbà. Ipò Onyina ṣe kókó nínú ìtàn yìí, nítorí pé òun ni a mọ̀ sí ẹni tí ó mú kọ́ọ̀dù jáàsì wọ inú orin ẹgbẹ́ jìtá. Kọ́ọ̀dù ni ìró mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí jìtá ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Orin àtijọ́ kò lò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Onyina fi àwọn mìíràn tí ó ṣòro kún un, àwọn tí kì í jẹ́ kí etí tètè mọ ibi tí orin ń lọ. Ọmọ tí ó bá dàgbà sínú irú orin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń wá ohùn tí ó bá kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan mu. Ẹ̀kọ́ yìí hàn nínú orin Pat Thomas ní gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Pat Thomas bẹ̀rẹ̀ sí bá Ebo Taylor ṣiṣẹ́. Onijìtá ni Taylor, ó sì tún mọ bí a ṣe ń to orin, ìyẹn ni pé ó ń kọ ohun tí fèrè, jìtá àti ìlù yóò máa ṣe sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ti kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, níbi tí òun àti Fẹlá Kútì ti di ojúlùmọ̀. Nígbà tí Fẹlá padà sí Èkó tí ó ń fi Koola Lobitos po háíláìfù pọ̀ mọ́ jáàsì, Taylor náà ń ṣe irú àdàlù kan náà ní Gánà. Inú ẹgbẹ́ Broadway àti Uhuru Dance Band ni Pat Thomas ti bá a pàdé nínú iṣẹ́.

Ẹgbẹ́ bíi Uhuru, tí Stan Plange darí, kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin kan ṣoṣo. Afunfèrè pọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní ìgbà tirẹ̀ láti dá fèrè fun. Akọrin a lé orin ní ẹsẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà a sún sẹ́yìn kí fèrè lè sọ̀rọ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ohùn òun bo ti gbogbo ènìyàn mọ́lẹ̀, orin yóò bàjẹ́. Àwọn Yorùbá ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òfin tí ń darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Pat Thomas kọ́ láti pa ẹnu mọ́ nígbà tí ó yẹ, èyí sì ṣòro fún ẹni tí a ń yìn nítorí ohùn rẹ̀.

Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ Gánà bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn orin sóòlù láti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1971, Wilson Pickett, Ike àti Tina Turner àti àwọn mìíràn ṣeré ní gbàgede Black Star ní Accra nínú àpéjọ orin tí a pè ní Soul to Soul. Akọrin tí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ lè kọ orin Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti ń kọ ti Twi. Pat Thomas kọ́ méjèèjì.

Sweet Beans àti Marijata

Ní ọdún 1974, Pat Thomas dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì pè é ní Sweet Beans. Èso kòkó ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, nítorí pé àjọ ìjọba tí ń bójú tó títa kòkó ni ó dúró lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí ó bá mọ bí kòkó ti ṣe pàtàkì tó fún àwọn àgbẹ̀ Àṣáńtì yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: owó kòkó ni ó ra fèrè tí ó sì san owó oṣù olórin. False Lover, àwo àkọ́kọ́ wọn, jáde lọ́dún kan náà. Háíláìfù wà nínú rẹ̀, orin tí ìlù rẹ̀ le bí ti afrobeat wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni bí ohùn akọrin kò ṣe yára. Àní níbi tí ìlù ti ń sáré, ó máa ń dé díẹ̀ lẹ́yìn ìlù, bí ẹni tí ó mọ̀ pé ilé kò ní sá lọ.

Ní ọdún 1976, ó ṣe àwo mìíràn pẹ̀lú Marijata, ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́ta: Kofi Addison tí ń lu ìlù, Bob Fischian tí ń tẹ dùùrù, àti Nat Osmanu tí ń ta jìtá. Èyí jẹ́ ìdánwò fún un. Ẹgbẹ́ Marijata kéré, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Kò sí ọ̀wọ́ fèrè ńlá tí akọrin lè fara ti. Nínú orin Gẹ̀ẹ́sì bíi Let's Think It Over, ó gbìyànjú láti kọrin bí àwọn ará Amẹ́ríkà, a sì gbọ́ pé ó lágbára ju bí a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn olùkó-àwo-jọ ní Yúróòpù fẹ́ràn àwo yìí gan-an. Síbẹ̀, bí a bá fi í wé àwọn orin Twi rẹ̀, ohun kan dín nínú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fún un ní agbára ohùn, ṣùgbọ́n kò fún un ní ìtọ́sọ́nà tí Twi ń fún un.

Ohun mẹ́ta nínú ọnà ìkọrin rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni ìtọ́sọ́nà èdè yìí. Èdè olóhùn ni Twi bí Yorùbá. Gẹ́gẹ́ bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti yàtọ̀ síra ní èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni pápá túmọ̀ sí dídára ní Twi, tí pàpá sì túmọ̀ sí bàbá. Akọrin tí ó bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ kí ó wálẹ̀ lè sọ ohun tí kò fẹ́ sọ. J. H. Kwabena Nketia, ọ̀mọ̀wé orin ọmọ Gánà tí ó kú ní ọdún 2019, ṣàlàyé nínú àwọn ìwé rẹ̀ pé orin Akan máa ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Àwọn kọ́ọ̀dù jáàsì ń fa orin lọ sí ọ̀nà kan, ohùn Twi ń fà á lọ sí ọ̀nà mìíràn. Iṣẹ́ Pat Thomas ni láti wá ibi tí méjèèjì ti pàdé. Nínú Mewo Akoma, tí àkọlé rẹ̀ ń sọ pé ẹni tí ń kọrin ní ọkàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ orin ni.

Èkejì ni ìwọ̀n agbára. Àwọn akọrin ẹgbẹ́ jìtá àtijọ́ máa ń gbóhùn sókè kí a lè gbọ́ wọn ní gbangba. Pat Thomas fi gbohùngbohùn kọ́ iṣẹ́, ó sì ń kọrin bí ẹni tí ó jókòó ti olùgbọ́. Olùgbọ́ Yorùbá tí ó mọ Hárúnà Ìṣọ̀lá yóò mọ irú ìfarabalẹ̀ yìí, bí ọnà orin wọn tilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹni tí kò pariwo ni a máa ń sún mọ́ láti gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni lílé àti gbígbè. Àwọn Akan máa ń kọrin ní ohùn méjì tí ń rìn pọ̀: bí ohùn kan bá wà ní sọ̀, èkejì a wà ní mí, wọn a sì jọ gòkè, wọn a jọ wálẹ̀. Nínú àwọn orin Pat Thomas, fèrè sábà máa ń gba iṣẹ́ ègbè yìí ṣe. Ó lé, fèrè gbè é. Fèrè lé, ó gbè é. Èyí ni a ní lọ́kàn nígbà tí a wí pé ó ń kọrin bí fèrè. Bí a bá yọ ohùn rẹ̀ kúrò, orin náà yóò ní ihò, gẹ́gẹ́ bí yóò ti ní in bí a bá yọ fèrè kan kúrò.

Berlin, Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà

Ní oṣù kẹfà ọdún 1979, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní Gánà. Lẹ́yìn èyí ni Pat Thomas kó lọ sí Berlin ní Jámánì. Ó gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn náà, ó sì lo ọdún púpọ̀ ní Kánádà. Kò dá nìkan lọ. Ìfipágbàjọba mìíràn wáyé ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1981, òfin kónílé-ó-gbélé sì tẹ̀ lé e. Òṣèré alẹ́ kò lè rí iṣẹ́ ṣe ní ìlú tí a kò ti lè jáde lálẹ́. Àwọn gbọ̀ngàn ijó ti ilẹ̀kùn, àwọn ẹgbẹ́ ńlá tú ká, àwọn afunfèrè wá iṣẹ́ mìíràn tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ohun tí ó parẹ́ ní ìgbà náà ju eré alẹ́ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ Pat Thomas ni.

Ní Jámánì, àwọn ọmọ Gánà dá ọnà tuntun sílẹ̀ tí a ń pè ní háíláìfù bọ́gà. Ako Te Brofo tí George Darko ṣe ní Berlin ní ọdún 1983 ni ó sọ ọ́ di mímọ̀. Ẹ̀rọ ni ó rọ́pò onílù, dùùrù oníná sì rọ́pò fèrè, nítorí pé kò sí owó tí a lè fi bọ́ ènìyàn mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ akọrin tí ó ní ohùn gíga tí ó sì mú bí abẹ ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Ohùn Pat Thomas kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kì í sì í dáhùn. Ẹni tí ó ti kọ́ láti dé lẹ́yìn ìlù nílò onílù tí yóò mọ̀ pé òun ń bọ̀.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a ka àwọn ọdún wọ̀nyí sí òfo. Sika Ye Mogya, tí ó jáde ní ọdún 1991, gba àkọlé rẹ̀ láti inú òwe Akan tí ó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni owó. Òwe náà bá ìgbésí ayé àwọn ará Àṣáńtì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní òkèèrè tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé mu gan-an. Bí ohun èlò rẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo.

Ìpadàbọ̀

Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Strut ti Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo Pat Thomas àti Kwashibu Area Band jáde. Kwame Yeboah àti Ben Abarbanel-Wolff, afunfèrè, ni wọ́n kó ẹgbẹ́ náà jọ. Ebo Taylor wà níbẹ̀, Tony Allen náà wà níbẹ̀, onílù ọmọ Èkó tí ó bá Fẹlá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Akọrin náà ti sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀, ó sì ti họ ní etí. Gyae Su ni orin tí ó ṣí àwo náà. Àkọlé rẹ̀ ń bẹ ẹni tí ń sunkún pé kí ó dákẹ́. Fèrè àti jìtá fi àyè sílẹ̀ fún un bí ti àtijọ́, ó sì wọlé láìkánjú. Orin yìí ni ẹ̀rí tí ó dára jù lọ pé ọgbọ́n ni ohun tí a ń pè ní wúrà nínú ohùn rẹ̀. Ohùn ti gbó, ọgbọ́n kò gbó. Obiaa!, tí òun àti ẹgbẹ́ kan náà ṣe ní ọdún 2019, tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àríwísí

Ohun mẹ́ta ni a lè fi ṣe àríwísí lórí iṣẹ́ Pat Thomas. Ọ̀rọ̀ inú orin rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ìfẹ́, ìtùnú àti ìmọ̀ràn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí a bá fi í wé Nana Ampadu, tí ó fi ìtàn ẹranko inú Ebi Te Yie ti ọdún 1967 sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn alágbára ṣe ń tẹ aláìlágbára rì, a ó rí i pé Pat Thomas kì í sábà pa ìtàn, kì í sì í fi orin bá ìjọba wí. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn Gánà nínú orin yóò rí púpọ̀ sí i lọ́dọ̀ Ampadu.

Èkejì ni ìbéèrè nípa ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà. Àwọn kan ń wí pé bí a bá yọ Ebo Taylor àti àwọn tí ń to orin kúrò, kò ní ku ohun púpọ̀. Àwíjàre yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ akọrin ni ó kọrin níwájú irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tí a kò rántí mọ́. Mímọ bí a ṣe ń gbé inú iṣẹ́ ẹlòmíràn láìsọnù sínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ oníǹkan.

Ẹ̀kẹta kan àwọn tí ń tọ́jú ìrántí rẹ̀. Àkójọ orin rẹ̀ tí Strut gbé jáde ní ọdún 2016, tí a pè ní Coming Home, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1967, ó sì dúró ní 1981. Iṣẹ́ rere ni, nítorí pé ó gba àwọn orin tí àwo wọn ti ṣọ̀wọ́n là. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ nìkan yóò rò pé akọrin náà dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn olùgbọ́ ní Yúróòpù fẹ́ ìró àwọn ọdún 1970, wọ́n sì rí i gbà. Àwọn ará Kumasi tí wọ́n lọ sí Jámánì àti Kánádà lẹ́yìn ìgbà náà ní ìrántí mìíràn nípa rẹ̀, ìrántí tí Sika Ye Mogya wà nínú rẹ̀. Ìtàn tí kò bá ka àwọn ọdún àjò náà mọ́ ọn kò pé.

Ohun tí ó kù fún akẹ́kọ̀ọ́ orin ní òde òní, ní Gánà àti ní ilẹ̀ Yorùbá, ni láti gbọ́ False Lover ti ọdún 1974 àti àwo Kwashibu ti ọdún 2015 tẹ̀ léra. Ogójì ọdún ó lé ọ̀kan ni ó wà láàárín wọn. Kí ó fi etí sí ibi tí akọrin ti dákẹ́ nínú àwo méjèèjì, kí ó sì ka iye ìgbà tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fi kọ́ Pat Thomas, àti ohun tí akọrin tí kò rí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ yóò ní láti wá ibòmíràn kọ́.